Igbe Láyí: Bí Ẹgbẹ́ Ìjì Ṣe Padà Wá sí Ẹ̀rúnmu

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Láṣùpọ̀ láti kọ́ṣẹ́, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Adégbayì ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, létí ọ̀nà tó lọ sí Ifẹ̀, rédíò àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ń tún ṣe. Wọ́n gbé rédíò kan síwájú mi, wọ́n tàn án, wọ́n ní, "Ràfíù, jókòó tì í, kí o máa gbọ́ ọ."

Mo jókòó tì í. Nígbà tó ṣe, wọ́n padà dé. "Kí lo gbọ́?"

"Wọ́n ní kòkó ti gbówó lórí, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ta ló bi ọ́ léèrè kòkó? Rédíò yẹn gan-an ni mo ní kí o gbọ́. Kí ló ń ṣe é?"

Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Ní ọdún kejì, ìyá àgbà kan gbé rédíò wá láti Akanran, ó ń hó ṣàà bí epo tó gbóná jù. Mo wá ibi tí ariwo náà ti ń wá títí, n kò rí i. Ni mo bá fi òwú dí ẹnu sípíkà, ariwo náà rọlẹ̀, mo ní ó ti dára. Nígbà tí ọ̀gá mi mọ̀, wọn kò bú mi. Wọ́n ní kí n wọ mọ́tò lọ sí Akanran, kí n fi ẹnu ara mi sọ fún ìyá náà pé n kò tún rédíò wọn ṣe, mo kàn bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Mo lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́. Ìyá náà wò mí títí, wọ́n fún mi ní àgbàdo sísè méjì, wọ́n ní, "Ó dáa tí o padà wá. Gbé e lọ, kí o lọ tún un ṣe."

Nígbà tí ọdún 1990 kù sí dẹ̀dẹ̀, ara Ọ̀gá kò gbé jókòó-jókòó mọ́. Wọ́n padà sí oko wọn ní ìhà Lágelú, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀bù náà lé mi lọ́wọ́. Títí di òní, tí mo bá kírun, mo máa ń dárúkọ wọn nínú àdúà mi. Èmi wá fi iṣẹ́ mìíràn kún iṣẹ́ náà. Mo ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn, sípíkà ńláńlá méjì àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, mo sì ń gbé wọn lọ síbi wòlíìmọ́tù, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì àti ìpàdé ìlú.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni àwọn ènìyàn ti ń jiyàn. Àwọn kan ń jiyàn bọ́ọ̀lù, àwọn kan ìṣèlú, ṣùgbọ́n iyàn tó gbóná jù lọ ni iyàn Ẹgbẹ́ Ìjì.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún láti Ẹ̀rúnmu àti Akanran dá ẹgbẹ́ olórin yìí sílẹ̀. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, orin gìtá oníná tó ń han bí ayùn, pẹ̀lú ìlù tó ń já ni láyà. Irun orí wọn dà bí ìtẹ́ ẹyẹ, ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn fẹ̀ tó yẹ̀rì, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin. Àwo méjì ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó tú ká, orin mẹ́fà mẹ́fà. Orin arìnrìn-àjò tí òjò ká mọ́ ojú ọ̀nà ló gbé wọn jáde. Láàárín orin náà ni Láyí, olórí wọn, ti ké igbe kan, igbe gígùn tó ń gòkè lọ bí ẹni tí ilẹ̀ ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorí igbe yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ra àwo náà.

"Ọ̀dọ̀ òyìnbó ni wọ́n ti jí i," ni Tíṣà Oyèdìran máa ń wí. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n a sì wá jókòó lórí bẹ́ńṣì mi láràárọ̀. "Gìtá, ti òyìnbó. Irun, ti òyìnbó. Igbe náà, ti òyìnbó. Ọmọ Yorùbá wo ló ń ké báyẹn?"

Màmá Nọ́ọ̀sì, tí wọ́n jẹ́ olórí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Ẹ̀rúnmu, kì í jẹ́ kó balẹ̀. "Tíṣà, ọdẹ ni bàbá tó bí Láyí. Igbe tí ọdẹ fi ń pe ọdẹ nínú igbó ló gbé wọ inú orin. Ẹ ò gbọ́ ti òyìnbó, ẹ ò sì gbọ́ ti ọdẹ."

"Ariwo ni mo gbọ́."

"Ẹ máa gbọ́ ariwo lọ. Orin yẹn ni mo ń kọ nínú ọkàn mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi gbẹ̀bí."

Èmi kì í dá sí i. Oníbàárà mi ni àwọn méjèèjì.

Ní ọdún kan, afẹ́fẹ́ ńlá ṣí páànù orí ilé ìwòsàn Ẹ̀rúnmu. Àwọn ará ìlú gbà láti dáwó jọ tún un ṣe, Màmá Nọ́ọ̀sì sì dá a lábàá pé kí wọ́n pe Ẹgbẹ́ Ìjì kí èrò lè pọ̀. Nínú àwọn márùn-ún, mẹ́ta ló kù: Láyí, onílù wọn, àti ẹni tó ń ta gìtá olóhùn kíkẹ̀. Tíṣà ní àṣìṣe gbáà ni. "Arúgbó kì í bọ́ sójú agbo láti lọ fi eékún hàn. Bí ẹ bá fẹ́ràn wọn lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sílé."

Èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó ohùn. Mo lọ bá Bàbá Láyí ní Akanran. Irun orí wọn ti di òwú, àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ń lọ sí ìjọ Aládùúrà kan níbẹ̀. Orí àjà ilé ìdáná ni wọ́n ti gbé ampilifáyà àtijọ́ wọn sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn àpótí tó ń gba ohùn gìtá àti ti máìkì, tó ń sọ ọ́ di ńlá. Èkúté ti jẹ wáyà inú rẹ̀. Èyí tó ṣòro jù ni fáàfù rẹ̀, àwọn gílóòbù kéékèèké tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Méjì ti kú, kò sì sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á mọ́. Mo wá a dé àárín Ìbàdàn, n kò rí i.

Mo bá lọ sí oko Ọ̀gá. Wọn kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi wọ yàrá, wọ́n gbé agolo bisikíìtì kan jáde. Fáàfù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi òwú wé wọn bí ẹyin awó. "Mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè wọn lọ́jọ́ kan," ni wọ́n wí. "Tún gbogbo ilé rẹ̀ wò o. Irú àpótí yẹn, iná máa ń sá wọ ara irin rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Mo pààrọ̀ wáyà, mo dí gbogbo ibi tí iná ti ń sá. Nígbà tí mo tàn án, tí àwọn fáàfù pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, orí mi wú.

Ṣùgbọ́n kò sí fáàfù tí a lè fi sí ọ̀fun ènìyàn. Nígbà tí wọ́n ń dán orin wò ní kíláàsì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ Ẹ̀rúnmu, gìtá dùn, ìlù dùn, títí wọ́n fi dé ibi igbe. Ohùn Bàbá Láyí já bí òwú. Wọ́n tún un gbìyànjú, èémí lásán ló jáde.

Ní ọjọ́ Sátidé tí wọ́n máa ṣe òde ìdáwójọ náà, Màmá Nọ́ọ̀sì pè mí sẹ́yìn gbọ̀ngàn ìlú Ẹ̀rúnmu, wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì kan lé mi lọ́wọ́. "Igbe yẹn ló wà níbẹ̀, láti inú àwo àtijọ́. Tí ó bá ti dé ibẹ̀, Ràfíù, tẹ̀ ẹ́. Láyí á kàn la ẹnu ni."

"Màmá, ṣé wọ́n mọ̀?"

"Kò yẹ kó mọ̀. Ṣé o fẹ́ kí Tíṣà fi í ṣe ẹlẹ́yà ni?"

Ó yẹ kí n kọ̀. N kò kọ̀. Mo so ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ ampilifáyà, mo gbé aṣọ lé e.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Tíṣà wà ní ìlà iwájú, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Orin mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ orin arìnrìn-àjò, Bàbá Láyí wá sídìí tábìlì mi láti ní kí n fi díẹ̀ kún ohùn gìtá. Wọ́n rí wáyà, wọ́n ṣí aṣọ.

"Kí nìyí?"

N kò lè purọ́. "Igbe yín ni, Bàbá. Ti inú àwo."

Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. Wọ́n kàn wo ọ̀kánkán ibi tí Màmá Nọ́ọ̀sì jókòó sí, wọ́n mi orí. "Fà á yọ."

"Bàbá, tí tiyín ò bá wá jáde ńkọ́?"

"Kò ní jáde. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé kò jáde."

Mo fa wáyà náà yọ.

Wọ́n kọ orin náà dé ibẹ̀, Bàbá Láyí gbójú sókè, wọ́n la ẹnu. Ohùn náà gbéra, ó já. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bàbá Láyí sún mọ́ máìkì. "Ẹ̀yin ará ilé, igbe tí ẹ̀ ń wá yẹn, èmi náà ń wá a. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó jọ̀ọ́, kó bá mi ké e."

Màmá Nọ́ọ̀sì dìde. Wọ́n ké e, pẹ̀lú gèlè tó ti fẹ́ já bọ́. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn, títí gbogbo gbọ̀ngàn fi ń ké bí ìgbà tí abúlé ń lé ewúrẹ́ kúrò nínú oko iṣu. Kò dùn rárá. Ìgbà mẹ́ta ni Bàbá Láyí ní kí wọ́n ké e, tí ẹ̀rín àti omi ojú jọ wà lójú wọn. Tíṣà kò ké, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá Nọ́ọ̀sì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá Láyí ní Akanran. Èmi náà tọrọ. Wọ́n ní, "O sọ òótọ́ nígbà tí mo bi ọ́. Ó tó."

Iyàn kò sì tán. Ó tún wá le sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Tíṣà ń ṣàlàyé pé wọ́n kánjú ṣe àwo kejì, pé gìtá inú rẹ̀ kò bára mu, nígbà tí a gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn wa.

"Òótọ́ ni. Orin karùn-ún ló tiẹ̀ burú jù."

Bàbá Láyí ni, wọ́n wá gbé ampilifáyà wọn. Màmá Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà sún fún wọn lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ní, "Ẹ jókòó, ẹ dákun. Ẹ bá wa parí rẹ̀. Igbe yẹn, ṣé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni àbí ọ̀dọ̀ ọdẹ?"

Bàbá Láyí wo àwọn méjèèjì. "Iná ló gbé mi."

"Iná?"

"Ìgbà tí a ń ṣe àwo yẹn, iná ń sá wọ ara àpótí yìí. Mo fẹnu kan máìkì, ó gbé mi, mo ké. Àwọn tó ń gba ohùn wa sílẹ̀ ní kò sóhun tó dùn tó o, kí a má yọ ọ́. Láti ìgbà náà, mo ń fi ọ̀fun mi wá ohun tí iná fún mi lọ́fẹ̀ẹ́." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ ni o wá tún un ṣe."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Ọjọ́ yẹn ni òun àti Bàbá Láyí di ọ̀rẹ́. Láti ìgbà náà, bí Bàbá Láyí bá ti wá ná ọjà, wọ́n a yà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a sì jọ máa jiyàn lórí Ẹgbẹ́ Ìjì. Èmi a máa yọ́ òjé fi so wáyà pọ̀ níwájú wọn, n kò sì mọ ọlá tó ju ìyẹn lọ.

Bàbá Láyí papò dà nígbà tí ọ̀rúndún yẹn ń parí lọ. Ìjọ wọn ní Akanran ló ṣe ìsìn, èmi ni mo gbé máìkì wá. Ẹnu ya gbogbo ènìyàn nígbà tí ẹbí ní Tíṣà Oyèdìran ni yóò sọ̀rọ̀ nípa orin wọn. Tíṣà dìde pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n nu awò ojú wọn.

"Orin méjìlá ni Láyí ṣe," ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. "Mẹ́jọ kò dára, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa mẹ́rin tó kù."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, orin kan lẹ́yìn òmíràn, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, láì wo ìwé. Àṣé wọ́n mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ìdajì wákàtí kọjá. Alàgbà ìjọ ṣẹ́jú sí mi pé àkókò ti lọ, wọ́n tún fi ọwọ́ gé afẹ́fẹ́ pé kí n pa máìkì.

Mo ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Mo fi díẹ̀ kún ohùn Tíṣà, kí àwọn tó wà níta lè gbọ́.