Ọjọ́ Tí Màmá Mi Bọ́ Bàtà ní Ṣọ́ọ̀ṣì Òyìnbó

Màmá mi láwọn ò ní ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, wọ́n sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa, wọ́n sì sọ ọ́ fún obìnrin tó ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Peckham nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ò tilẹ̀ bi wọ́n.

Dókítà ti ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ó ní ohun kan wà nínú ọkàn bí ilẹ̀kùn, tó máa ń ṣí, tó máa ń pa dé, kí ẹ̀jẹ̀ lè kọjá. Ti màmá mi ti le, kì í ṣí dáadáa mọ́. Bí wọn ò bá pààrọ̀ rẹ̀, ọkàn náà máa dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó tún wá ní màmá mi ò gbọdọ̀ wọ bàálù lọ sílé ní Nàìjíríà báyìí.

"Tí mo bá kú sọ́wọ́ wọn ńkọ́?" ni màmá mi bi mí nígbà tá a délé. "Níbo lẹ máa sin mí sí?"

"Mọ́mì, ẹ ò ní kú."

"Mi ò bi ọ́ bóyá màá kú. Níbo lẹ máa sin mí sí?"

Nílé wa ní Nàìjíríà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀ la sin bàbá mi sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni bàbá tó bí bàbá mi wà. Èèyàn ò lè jáde láàárọ̀ kó má gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Ṣùgbọ́n màmá mi ti rí ibi tí wọ́n sin ọ̀rẹ́ wọn kan sí ní Lọ́ńdọ̀nù yìí, itẹ́ òkú tó jìnnà sílé gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àárín àjèjì ni wọ́n gbé e jù sí. Inú bí mi. Èmi tí mò ń tọ́jú àwọn arúgbó kiri ilé onílé, tí mo tún ń sáré wálé wá wò bóyá màmá mi ṣì ń mí, ọ̀rọ̀ sàréè ni wọ́n ń bá mi fà! Ẹ gbà mí o!

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn táwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ṣètò ìrìn-àjò ọjọ́ kan. Ilé ìkẹ́rùsí ni ṣọ́ọ̀ṣì tiwa tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn òpópónà Rye Lane. Táyà ni wọ́n ń tà nísàlẹ̀, àwa ń yin Olúwa lókè. Ìyá ìjọ wa ní ó yẹ ká fojú ara wa rí ibi táwọn òyìnbó ti ń sin Ọlọ́run kí wọ́n tó gbé Bíbélì wá bá wa. Wọ́n ti rí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ní ìgbèríko Kent tí wọ́n máa ń ṣí sílẹ̀ fún àlejò. Mo fa màmá mi dání, mo ní ó kéré tán, atẹ́gùn á fẹ́ sí wọn lára.

Kò sẹ́nì kankan níta nígbà tá a débẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kéré, òkúta inú oko ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, àwọn àgùntàn sì ń jẹko lẹ́yìn ọgbà. Wọn ò ti ilẹ̀kùn. Ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ní kí àlejò máa wọlé, kó ṣáà pa ilẹ̀kùn dé kí ẹyẹ má bàa wọlé.

"Ẹyẹ nìkan ni wọ́n ń bẹ̀rù?" ni Ìyá ìjọ wí. "Tó bá jẹ́ Peckham ni, tó bá fi máa dọ̀la, ẹ ò ní bá àga kan ṣoṣo níbẹ̀."

Màmá mi bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Mọ́mì, ilẹ̀ tutù o. Àwọn òyìnbó kì í bọ́ bàtà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ta ló bi òyìnbó?" Wọ́n fẹsẹ̀ lásán wọlé.

Obìnrin òyìnbó kan tó ti dàgbà ń to òdòdó nínú ilé. Inú rẹ̀ dùn sí wa, ó sì mú wa yí ká. Ó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n ti ń gbàdúrà lábẹ́ òrùlé yẹn, pé àwọn àgbẹ̀ ìlú ló ru òkúta rẹ̀. Ó fi àwòrán kan hàn wá lára ògiri, áńgẹ́lì tó ń wọn ọkàn èèyàn lórí òṣùwọ̀n, ọ̀dà pupa rẹ̀ ti ṣí. Ó ní nígbà tí ọba wọn bá póòpù jà, wọ́n ní àwòrán ò gbọdọ̀ sí ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, wọ́n fi ẹfun kun gbogbo ògiri, àwòrán sì wà lábẹ́ rẹ̀ títí àwọn ọmọ ọmọ wọn fi wá ha á jáde. Ìyá ìjọ ní, "Ọba náà ò rí nǹkan míì bá jà ju áńgẹ́lì lọ?"

Màmá mi ò bá wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró láàárín ilé, wọ́n ń wo òkúta pẹrẹsẹ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. "Kí ni wọ́n gbẹ́ síbí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kà á. "Ọkùnrin kan ni wọ́n sin síbí, Mọ́mì. Ìyàwó rẹ̀ náà wà níbẹ̀."

"Nínú ilé?"

"Nínú ilé."

Yéè! Màmá mi fò kúrò. Ibi tí wọ́n fò sí, òkú ló tún wà níbẹ̀. Ni wọ́n bá kúnlẹ̀. "Ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú, àlejò ni wá, a ò mọ̀ pé ẹ wà níbí." Ìyá ìjọ kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀, gbogbo obìnrin wa kúnlẹ̀. Òyìnbó yẹn rò pé ara màmá mi ò yá ni, ló bá ń sáré bọ̀ pẹ̀lú omi. Mo ṣàlàyé fún un pé inú ilé làwa náà ń sin àgbà wa sí, pé èèyàn kì í kọjá lọ́dọ̀ wọn láìkí wọn.

Ó gbé omi náà sílẹ̀. Ó ní sàréè ọkọ òun wà níta lábẹ́ igi, pé bí òun bá ti gbé òdòdó dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòun á kọ́kọ́ yà, òun á sọ ẹni tó bímọ àti ẹni tó ń ṣàìsàn fún un. Àwọn ọmọ òun rò pé orí òun ti dàrú.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi. "Sọ fún un pé orí rẹ̀ pé," ni wọ́n wí. "Kó o wá bi í, ẹni tí kì í ṣe ará ibí ńkọ́?"

Obìnrin náà mú wa jáde lọ sídìí òkúta kékeré kan tí kò ní orúkọ. Ó ní èrò ọ̀nà kan ni, tí yìnyín pa láyé àtijọ́. Ará abúlé ò mọ̀ ọ́n, wọn ò mọ ibi tó ti wá, wọ́n sì sin ín sáàárín àwọn èèyàn tiwọn. Òdòdó tútù wà níbẹ̀. Òun ló ń gbé e wá. Ẹni tó ń to òdòdó ṣáájú rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàtà ṣì wà lọ́wọ́ màmá mi. Wọ́n kọjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, tó bá jẹ́ ilẹ̀ yìí layé mi pin sí, ṣé wàá máa wá kí mi?"

"Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, Mọ́mì."

"Irọ́ ni. O ò ráyè."

"Ó dáa, oṣooṣù."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. "Ìyẹn ṣeé gbà gbọ́. Sọ fún dókítà rẹ kó lọ pọ́n ọ̀bẹ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ru òkúta, àti lọ́wọ́ ẹni tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì. Nígbà tọ́jọ́ pé, dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tí wọ́n gbà kí n wọlé, rọ́bà wà nímú àti lọ́wọ́ màmá mi, ojú wọn pa dé. Ẹ̀rù bà mí. Mo dúró ti bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ẹnu sétí wọn, mo ní, "Ẹ kú ewu o, Mọ́mì."

Mo tún un sọ. Wọ́n la ojú kan, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Òkú òyìnbó lo mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀ fún. Ìyá rẹ tó wà láàyè, ìdúró lo fi ń kí i."

Mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo nọ́ọ̀sì.