Ọkọ̀ Kò Kọjá Ìkẹjà Mọ́

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wá iṣẹ́ fún mi. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, níbi tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánganran. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé nígbà náà ni, orí ẹní ni mo ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo tí òun àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin háyà ní Agége. Ó bá ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ nítorí mi, kò sì pé oṣù kan tí wọ́n fi gbà mí. Bọ̀dá ni mo máa ń pè é. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kì í pariwo mọ́ èèyàn, bí ọmọ rẹ̀ bá sì ń sunkún lóru, òun ló máa ń dìde pọ̀n ọ́n.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ abọ́ wò lẹ́yìn tó bá ti tinú iná jáde tó sì ti tutù. Màá fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀ yípo. Èyí tó bá bó lára, bí kò tilẹ̀ ju orí abẹ́rẹ́ lọ, màá yọ ọ́ sọ́tọ̀. Obìnrin mẹ́fà la wà nídìí iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa jẹ́ opó kan, ará Èkìtì, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìyá ni gbogbo wa ń pè é, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́.

Ìjọba ológun ló wà lóde, SAP, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó sọ nǹkan di ọ̀wọ́n, sì ti wọ gbogbo ilé. Ilé-iṣẹ́ wa ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Àwa tó kù ń ṣe jẹ́jẹ́, kí ọ̀gá má baà fojú sí wa lára. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣì nítumọ̀ fún wa ni bọ́ọ̀sì yẹn, torí pé ọ̀fẹ́ ni. Láàárọ̀, á gbé wa ní Agége, á yà sí Ọgbà kó àwọn tó ń gbébẹ̀, á gba Ìkẹjà àti Maryland títí dé Ìlúpéjú. Nírọ̀lẹ́, á dá kálukú padà sí àdúgbò rẹ̀. Ká ní mò ń sanwó ọkọ̀ ni, ohun tí ì bá ṣẹ́kù nínú owó oṣù mi kò lè ju ti ọṣẹ àti gàárì lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni rédíò kéde pé wọ́n ti fi owó lé epo. Kí ó tó di Mọ́ńdè, gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. Ẹ̀gbọ́n mi bi ìyá tó ń ta gàárì ní ìta wa pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni gàárì bẹ̀rẹ̀ sí í mu bẹntiróòlù?”

Ìyá onígàárì náà dá a lóhùn pé, “Ṣé ẹsẹ̀ ló fi rìn wá láti Ìjẹ̀bú ni?”

Kẹrosíìnì wọ́n ju bẹntiróòlù lọ, torí náà ẹ̀gbọ́n mi gbé sítóòfù sórí àjà. Ó ra ààrò onípáànù kan tí wọ́n máa ń ki ìyẹ̀ pákó sí, tí wọ́n á wá fi igi wẹ́wẹ́ dáná sí nísàlẹ̀. Ẹ̀wà kúrò nínú oúnjẹ wa, kì í ṣe torí owó ẹ̀wà fúnra rẹ̀, bí kò ṣe pé ó ń pẹ́ jù lórí iná. Omi wíwẹ̀ gbígbóná di ti ọmọ nìkan. Ẹja náà kúrò nínú ọbẹ̀, a sì ń fi ata àti iyọ̀ tan ara wa.

Ní Mọ́ńdè yẹn, nígbà tí gbogbo wa ti wọ bọ́ọ̀sì tán, Bọ̀dá kò kọ́kọ́ sún ọkọ̀. Ó yíjú sẹ́yìn.

Ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn ún sọ. Ilé-iṣẹ́ ti dín epo ọkọ̀ kù. Láti ọ̀la lọ, ọkọ̀ yìí kò ní kọjá Ìkẹjà mọ́. Ìkẹjà la ó ti máa pàdé láàárọ̀, ibẹ̀ náà ni màá já yín sí nírọ̀lẹ́. Ọkọ̀ á sì máa sùn ní ọgbà mẹkáníìkì kan níbẹ̀.”

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní kí a yan èèyàn mẹ́ta tí á lọ bá máníjà. Bọ̀dá gbọ́wọ́ sókè.

“Mo ti bẹ̀ wọ́n títí. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ fún mi? Wọ́n ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, pé àwọn tó ń dúró ní géètì pọ̀. Orúkọ ẹni tí wọ́n á dá dúró ni wọ́n ń wá báyìí. Ẹ má fi orúkọ yín ta wọ́n lọ́rẹ.”

Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Kí Ọlọ́run san án fún ọ, ọmọ mi, tí o bá wa bẹ̀bẹ̀.” A sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ìrìn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwa ará Agége máa ń kóra jọ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, a ó wá gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin rélùwéè lọ sí Ìkẹjà. Ìrìn náà ju wákàtí kan lọ. Bọ̀dá máa ń bá wa rìn láàárọ̀. Òun ló ń mú tọ́ọ̀ṣì níwájú. Bí a bá dé ibi tí òkúta ti pọ̀, á gba àpò Ìyá lọ́wọ́ rẹ̀, á ní kí ó di apá òun mú. Ó máa ń sọ fún wa pé, “Ìjọba ti dalẹ̀ wa. Ẹni tó yẹ kó ṣàánú wa gan-an ló ń fi wá rẹ́rìn-ín.” Ọ̀rọ̀ náà máa ń wọ̀ mí lára. Mo rò ó pé ìyà yìí ṣì dára, torí pé a jọ ń jẹ ẹ́ ni.

Nírọ̀lẹ́, á ní kí a máa lọ, pé òun fẹ́ tìlẹ̀kùn ọkọ̀ kí òun sì ra ìyẹ̀ pákó fún ààrò. Tó bá dé, á gbé àpò ìyẹ̀ pákó lé èjìká, á tì í sábẹ́ ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n mi á ní kí n má fọwọ́ kan ti abẹ́ ibùsùn, pé ti ìta ni kí n máa bù. N kò bi í léèrè. Òórùn epo máa ń wà nínú yàrá, àmọ́ ilé awakọ̀ ni, mi ò kà á sí.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹja padà sínú ọbẹ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi tún gbé sítóòfù wálẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ àjọ òun ló kó fún òun. Mo jẹ ẹja náà. Mo tilẹ̀ máa ń ní kó fi orí rẹ̀ sílẹ̀ fún mi nígbà mìíràn, pé orí ló dùn jù.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá ẹ̀ka wa fi ìwé rán mi sí akọ̀wé tó ń bójú tó ọkọ̀. Ará Ìjẹ̀bú ni akọ̀wé náà, ó máa ń bá èèyàn ṣàwàdà. Bí mo ti ń yíjú láti lọ, ó pè mí padà.

“Bá mi sọ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ kó wá buwọ́ lùwé epo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti gbà á tí kò buwọ́ lù ú. Ti Agége lọ àti bọ̀, àti ti Ọgbà.”

Mo ní, “Epo Agége, sà?”

“Ṣebí Agége lo ń gbé? Àbí ẹsẹ̀ lo fi ń wá síbi iṣẹ́?” Ó rẹ́rìn-ín.

Mo wò ó. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ló kù tí màá sọ tí gbogbo ilé á fi dà rú. Mo ní, “Rárá, sà. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé wa.” Mo bọ́ síta, mo lọ dúró nídìí ẹ̀rọ omi títí ọkàn mi fi rọlẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo wọ́ àpò tó wà lábẹ́ ibùsùn jáde. Mo tọwọ́ bọ inú ìyẹ̀ pákó náà, ọwọ́ mi sì kan ike. Kẹ́ẹ̀gì epo ni, ó kún dé ẹnu. Kò ju ìwọ̀nba epo tó ń gbé ọkọ̀ láti Ìkẹjà dé Agége lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé epo ń tì, tí wọ́n ń tà á ní bíláàkì lẹ́bàá ọ̀nà, kẹ́ẹ̀gì kan bẹ́ẹ̀ ń fún ilé kan lóúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé bá mi níbẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn.

“Ta ló ní kí o tú u?”

“Àǹtí mi, ṣé ẹ mọ̀?”

Ó jókòó sétí ibùsùn. “Ẹja tí ò ń jẹ, ibo lo rò pé ó ti ń wá?”

“Ẹ ní àjọ ni.”

“Kí lo fẹ́ kí n sọ fún ọ? Àwọn tó fi owó lé epo, ṣé wọ́n bi wá? Ilé-iṣẹ́ tó ń dá èèyàn dúró, ṣé wọ́n sunkún? Ibi tí kálukú ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń jẹ. Bọ̀dá rẹ kò jalè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Epo ilé-iṣẹ́ ni.”

Mo ní, “Ṣùgbọ́n èmi náà ń rìn. Ẹ máa ń fún mi ní omi gbígbóná tí mo fi ń jó ẹsẹ̀ mi.”

Ó ti àpò náà padà, ó sì gbọn ìyẹ̀ pákó kúrò lọ́wọ́ mi bí ẹni ń nu ọmọdé. Ìyẹn ló dùn mí jù. Bọ̀dá lè tàn mí, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n ọmú kan náà ni èmi àti obìnrin yìí jọ mu, ó sì ń wò mí bí mo ṣe ń tiro wọlé lójoojúmọ́.

Mo pa á mọ́ sínú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò ní purọ́, kì í ṣe àánú nìkan ló dá mi dúró. Abẹ́ òrùlé wọn ni mo ń sùn, ipasẹ̀ Bọ̀dá ni mo sì fi níṣẹ́. Mo jáwọ́ nínú ẹja. Wọ́n rí i.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ẹsẹ̀ Ìyá yọ̀ lórí òkúta ojú irin, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbára lé ilẹ̀, a sì gbọ́ bí eegun ṣe dún. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú lójú wa. Bọ̀dá ló gbé e dìde. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi so ọwọ́ náà mọ́ ọn láyà, ó ń sọ pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìjọba yìí ló fà á.”

Mo wo ojú rẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀ lóòótọ́, àánú Ìyá ń ṣe é. Mo rò pé ká ní ẹ̀tàn ló ń ṣe ni, ì bá sàn fún mi.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń san owó Ìyá, torí náà ọjọ́ tí kò bá ti wá, kò sí owó. Oníṣègùn eegun ní kò ní lè fọwọ́ yẹn gbé abọ́ fún oṣù méjì. Ní ìsinmi ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún àwọn obìnrin mẹ́rin tó kù nídìí iṣẹ́ wa. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Kí agogo ìrọ̀lẹ́ tó dún, ọ̀rọ̀ ti dé etí akọ̀wé, ó ti dé ọ̀dọ̀ máníjà. Wọ́n dá Bọ̀dá dúró lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí mo délé, àpótí mi ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹní mi wà lórí rẹ̀. Bọ̀dá jókòó sínú yàrá, kò yọjú. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, “Bí o ò bá lè fara mọ́ ọn mọ́, ò bá ti sọ fún mi. Ṣé ìta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́?”

Mo ní, “Mo sọ fún yín, Àǹtí mi. Ẹ̀yin lẹ tilẹ̀kùn.”

Ó ní kí n máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ilé Ìyá ni mo lọ. Mo rò pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á dúró tì mí, pé bọ́ọ̀sì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dé Agége. Lóòótọ́, ó dé Agége fún ọjọ́ márùn-ún pẹ̀lú awakọ̀ mìíràn. Ní ọjọ́ kẹfà, máníjà pe gbogbo wa jọ. Ó ní òun ti wo ìwé tí wọ́n fi ń kọ àsìkò tí a ń dé. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí a fi ń rìn dé Ìkẹjà, kò sẹ́ni tó pẹ́ dé. Ó ní èyí fi hàn pé òṣìṣẹ́ lè gbé ara rẹ̀ wá síbi iṣẹ́, epo sì ti wọ́n jù. Wọ́n ta bọ́ọ̀sì náà láàárín oṣù yẹn.

Àwọn tó ń gbé Ọgbà ni wọ́n kọ́kọ́ dẹ́kun kíkí mi. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ lójú mi pé, “Ṣebí ó ń gbé wa dé Ìkẹjà tẹ́lẹ̀? Ẹnu rẹ ló gbà á lọ́wọ́ wa.” Ẹlòmíràn ní ẹni tó lè ta ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ni kò ní tà? Ní báyìí ó di kí a sanwó ọkọ̀ tàbí kí a fẹsẹ̀ rìn láti Agége dé Ìlúpéjú. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé máníjà ló pinnu, kì í ṣe èmi. Wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n máníjà kì í jókòó tì wọ́n jẹun.

Mo bi Ìyá lálẹ́ ọjọ́ kan bóyá mo ṣe ohun tó dára. Ó ń fi ọwọ́ òsì tiraka láti so gèlè.

Ó ní, “Mi ò lè bá ọ dá ẹjọ́ yẹn. Ọwọ́ mi ló dá, síbẹ̀ mo ṣì ń rántí bó ṣe máa ń gba àpò mi. Wá bá mi so èyí.”

Mo lo ọdún kan sí i nídìí abọ́ kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Bọ̀dá ríṣẹ́ sórí tírélà tó ń lọ sókè Ọya. Ìgbà tí mo bí ọmọ mi àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi wá, ó wẹ̀ ẹ́, ó fi òrí pa á lára, ó sì bá mi dáná fún ọjọ́ mẹ́jọ. A sọ̀rọ̀ nípa ọmọ, nípa ìyá wa nílé, nípa owó ilé. Ó máa ń wá lọ́dún iléyá, èmi náà máa ń lọ. Ọdún ti gorí ọdún. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi rí, èmi náà kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé bí mo ti ń dúró kó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà lòun ń dúró dè mí.