Ìpè Tí Tíṣà Tún-un-sọ Kò Dáhùn

Tún-un-sọ kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọmọ iléèwé ló fún un, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Bí ọmọ kan bá kí i lédè Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀, tí ìkíni náà wọ́ díẹ̀, tíṣà á dúró sójú kan, á fa imú sókè bí ẹni gbóòórùn ọbẹ̀ tó ń jóná, á ní, "Tún un sọ." Ọmọ á máa tún un sọ títí agogo á fi lù. Kò yọ àwọn òbí náà sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó wá pè é síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ pe ìpè yẹn ní àpètúnpè, kí tíṣà tó gbà pé wọ́n pe òun. Ẹ̀rín ni gbogbo wa ń rín nígbà náà. Ó kúkú gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sílé, yàrá kan tó kọjú sí títì. Obìnrin náà lẹ́nu, ó láwàdà. Bó bá ń wọn èèyàn fún aṣọ, ẹ̀rín ò ní jẹ́ kí onítọ̀hún dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀ bá wá sílé, tí Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò lókè, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n á bi í pé ṣé dáadáa ni, ọkọ rẹ̀ á dá wọn lóhùn pé, "Ó ní dáadáa ni." Ẹni tí ò tíì la ẹnu o! Ọkọ ti bá a sọ ọ́ tán.

Ó dùn ún, kò wí. Ló bá lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, lásìkò tí ọkọ rẹ̀ máa ń wà níbi iṣẹ́. Ó jókòó ti àwọn tó lè bí lọ́mọ, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí àlejò, bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn wá síbi nǹkan, bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́. Nígbà tí ẹ̀kọ́ fẹ́ parí, wọ́n ní kí kálukú pe ẹnì kan wá síbi àṣeyẹ wọn. Òun ni wọ́n sì yàn pé kó kí àwọn àlejò káàbọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ara rẹ̀ yá gágá. Ta ni ì bá pè bí kò ṣe ọkọ rẹ̀? Èdè tí ọkùnrin náà fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ ló pinnu pé òun máa fi pè é.

Bí tíṣà ṣe dé láti iléèwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ń tú okùn bàtà rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wá dúró síwájú rẹ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti pààrọ̀ aṣọ. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ jáde pé òun ń pè é wá sílé ẹ̀kọ́ òun ní Sátidé, pé ó gbọ́dọ̀ wá o.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí lọkọ yẹ kó ṣe? Ṣé kò yẹ kó dìde ni? Ṣé kò yẹ kó ní, "Mọ́mì, níbo lo ti kọ́ eléyìí?"

Tíṣà ní, "A kì í sọ fún ẹni tí à ń pè pé ó gbọ́dọ̀ wá. Àṣẹ nìyẹn. Sọ pé inú rẹ á dùn bí mo bá lè wá. Tún un sọ."

Ó tún un sọ.

"O ò sọ pé jọ̀wọ́. Tún un sọ."

Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó wá gún régé, tíṣà mi orí, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀." Ló bá bèèrè oúnjẹ. Gírámà ni etí rẹ̀ gbọ́, kò gbọ́ Sátidé. Kò ní òun á wá, kò ní òun ò ní wá. Obìnrin náà dúró díẹ̀ sí i, ó ń retí, kó tó lọ gbé oúnjẹ.

Ní Sátidé, ó múra, ó ní, "Dádì, mò ń lọ o." Tíṣà ò gbójú sókè kúrò nídìí iṣẹ́ àwọn ọmọ tó ń máàkì. Ó ní, "Ó dàbọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni tíṣà pàdé obìnrin tó ń kọ́ àwọn àgbà náà, ọmọ iléèwé rẹ̀ àtijọ́.

"Ẹ káàsán, sà. A retí yín o. Mọ́mì ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó sórí àga yín. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún báyìí, wọ́n á wo ibẹ̀. Àbí ara yín ò yá ni?"

Ojú tì í. Ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

"Mọ́mì, jọ̀ọ́, má bínú. Mi ò mọ̀ ni."

"Ẹ ò mọ̀ kẹ̀?" Ó gé òwú. "Mo pè yín. Ẹ ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ."

Ọkùnrin náà fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó pe òun lẹ́ẹ̀kan sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ì bá fi bẹ̀ ẹ́ gan-an lọ̀rọ̀ tó bà á jẹ́. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Obìnrin náà ò bá a jà. Ó ń se oúnjẹ, ó ń dá àpárá. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ò tún jáde lẹ́nu rẹ̀ lójú ọkọ mọ́. Bí àlejò bá wá, tíṣà á dákẹ́ fún un tọwọ́tẹsẹ̀, á ní, "Mọ́mì, dá wọn lóhùn." Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Dádì á bá mi sọ ọ́."

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì báyìí. Lọ́jọ́ kan tó gbé oúnjẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì látinú ibẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìyàwó rẹ̀ ló ń pe oníbàárà kan wá sílé wá jẹun. Inú tíṣà dùn, omi lé sójú rẹ̀. Ó sáré wọlé. Obìnrin náà rí i nínú dígí, ó gé ọ̀rọ̀ sọnù láàárín.

"Ẹ káàbọ̀, Dádì. Ṣé kò sí nǹkan o?"

Oníbàárà ń wo ẹnu rẹ̀ pé kó parí ohun tó ń sọ. Kò parí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí tíṣà bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ láti títì, ìta ló máa ń dúró sí, nínú oòrùn, tòun ti abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò á ní, "Tíṣà, ẹ wọlé, ṣọ́ọ̀bù ìyàwó yín kọ́ ni?"

Á ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán ná."