Aṣọ Tí Christiana Fi Sílẹ̀ Lórí Òfì

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, Christiana ni wọ́n fi mí lé lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀, Ọlájídé, ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ìyá Matthew ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí àkọ́bí rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un ni mo ń lò níhìn-ín, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè mọ̀ pé ó ní orúkọ tirẹ̀.

Obìnrin kúkurú ni, apá rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Kíjìpá ni ó ń hun. Òfì rẹ̀ jẹ́ irú ti àwọn obìnrin: òpó méjì tí a gbé ti ara ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, igi méjì tí a fi dábùú wọn lókè àti nísàlẹ̀, òwú sì nà láàárín. Yóò jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, yóò na ẹsẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, yóò sì máa hun láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí ó bá ti ki òwú kan bọ̀ ọ́, yóò fi pákó pẹlẹbẹ gbá a mọ́ ìyókù lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbá tèmi lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ kan, ó sì ní kí n tú u.

"Aṣọ tí a gbá lẹ́ẹ̀mejì," ó ní, "ọmọ á já bọ́ nínú rẹ̀."

Yèyé ni ó ń ran òwú fún un. Yèyé ni ìyá àwọn ọkọ wa, ó sì ti tó ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Bí ó bá ti jẹun àárọ̀ tán, yóò gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, yóò fi ẹfun pa ìka, yóò sì máa yí ìrànwú. Òwú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ahunṣọ a máa wá láti àdúgbò Afàò láti bẹ̀ ẹ́ kí ó ta díẹ̀ fún wọn. Kì í tà.

Ní ilé wa, obìnrin tí ó bá ti dàgbà ni yóò ran òwú aṣọ ìsìnkú ara rẹ̀, ìyàwó ilé tí ó bá mọ òfì ni yóò sì hun ún. Kristẹni ni wá, àwọn tí ń kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì sì ti sọ fún wa pé Ọlọ́run kì í wo aṣọ òkú. A gbọ́. Síbẹ̀ kò sí ìyá àgbà kan tí ó fẹ́ kí wọ́n fi aṣọ òyìnbó sin òun. Ohun mìíràn tún wà. Wọ́n ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀, bí a bá ti já a kúrò lórí òfì, kì í pẹ́ nínú àpótí kí ó tó pe ẹni tí ó ni ín. Nítorí náà, òwú tí Yèyé ń ràn fún wa ń yá, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń ràn fún ara rẹ̀ kì í yá. Ó ti di ọdún kẹfà tí ó ti wà lórí rẹ̀. Bàbá Fámúyìwá, àbúrò ọkọ rẹ̀ tí ó jẹ́ olórí ilé wa, a máa bi í pé, "Òwú yẹn kò tíì pé?"

Yèyé a sì dáhùn pé, "Ọkọ mi, ẹran ìsìnkú ni ó ń wù yín jẹ."

Ìwé Táyé dé ní ọdún 1954, lẹ́yìn Àjíǹde. Àwọn kan nínú ilé wa ń sọ pé 1953 ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí Folúkẹ́, ọmọbìnrin tí Christiana bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1953, ti ń rìn nígbà tí ìwé náà dé, òun gan-an ni ó sì fà á ya ní igun kan. Táyé àti Ọlájídé jọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Adó ni. Jọ́ọ̀sì ni Táyé wà, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà, ìyẹn tánganran, nínú ilẹ̀. Ó ní ibi iṣẹ́ òun ń wá káfíńtà mẹ́fà tí yóò bá wọn kọ́ ilé àwọn òṣìṣẹ́, pé iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni, àti pé yàrá méjì wà fún ẹni tí ó bá kó ìyàwó wá. Ó ní kí Ọlájídé fèsì kí oṣù Kẹfà tó parí.

Ọlájídé nílò iṣẹ́. Láti ìgbà tí ó ti parí fèrèsé ilé ìwé ìjọ wa, bẹ́ǹṣì àti pósí ni ó kù fún un, àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ kò sì kú tó bí káfíńtà mẹ́rin ti ń fẹ́. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ dá lọ. Bàbá rẹ̀ lọ sí Góòlù Kóòsì nígbà tí ọkọ mi kò tíì já lẹ́nu ọmú tán, ó ní òun yóò padà ní ọdún kejì. Ìwé mẹ́ta ni ó dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà àpótí aṣọ rẹ̀ dé, kò sì sí ẹni tí ó bá a wá. Ọlájídé ti pinnu pé ọmọ òun kankan kò ní dúró de òun bẹ́ẹ̀. Bí Christiana kò bá lọ, òun kò ní lọ. Bí Christiana bá sì lọ, kò sí ẹni tí yóò hun aṣọ Yèyé, nítorí èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń gbá a lẹ́ẹ̀mẹta ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Jọ́ọ̀sì jìnnà," Bàbá Fámúyìwá ní.

"Ọkọ̀ ojú irin wà láti Òṣogbo, Bàbá," ọkọ mi dáhùn.

"Mo ní ó jìnnà, n kò sọ pé kò sí ọ̀nà. Wọ́n ní uṣu kì í hù níbẹ̀."

"Uṣu wà níbẹ̀, Bàbá," Ọlájídé ní. "Táyé ń jẹ ẹ́."

"Táyé á jẹ ohunkóhun. A mọ̀ ọ́n láti kékeré."

Wọ́n wá bi Christiana léèrè ohun tí ó rí sí i.

"Òfì mi ńkọ́?"

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ọlájídé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun lè gbẹ́ òmíràn fún un ní Jọ́ọ̀sì, èyí tí yóò wọ inú yàrá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú rúlà rẹ̀ wá, ó wọn òfì náà lóòró àti ní ìbú, ó sì fi ẹfun Yèyé kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri. Inú rẹ̀ dùn.

"Á wọ yàrá," ó ní. "Àyè á tún ṣẹ́kù."

"Ẹ ti wọn òfì tán, Bàbá Matthew?"

"Mo ti wọ̀n ọ́n tán."

"Èmi ńkọ́?"

Ó wò ó. Káfíńtà tòótọ́ ni, igi ni ó wọ̀n, kò rántí pé ènìyàn yóò jókòó níwájú rẹ̀. Christiana jókòó, ó na ẹsẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì kúnlẹ̀ tòun ti rúlà, ó wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn ìdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Òun ń rẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ibòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí Yèyé fi gbé òwú ọdún mẹ́fà jáde nínú agbọ̀n, tí ó gbé e sí iwájú Christiana.

"Ìyàwó, nà án sórí òfì."

"Kò tíì pé, Yèyé."

"Èyí tí ó kù, n ó máa ràn án bí o bá ti ń hun ún. Nà án."

Kò sí bí ìyàwó ti í sọ pé òun kò ní hun irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Christiana nà án, ó bẹ̀rẹ̀. Yèyé ń ràn, èmi ń gbé òwú láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí òfì, Christiana ń hun. Lójoojúmọ́ ni Yèyé ń béèrè ibi tí ó dé. Ní nǹkan bí ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà, Christiana gbé pákó rẹ̀ sílẹ̀, ó sì pè mí.

"Fọwọ́ kan èyí."

Mo fọwọ́ kàn án. Òwú náà ki níbì kan, ó tín-ín-rín níbì kejì, kókó sì wà nínú rẹ̀.

"Ọwọ́ Yèyé kọ́ nìyí," mo ní.

"Ọwọ́ rẹ̀ ni," ó ní. "Ó ń sáré ni."

Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ lọ́dọ̀ Yèyé ní ẹnu ọ̀nà. Mo tẹ̀ lé e, nítorí agbọ̀n òwú wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, Yèyé."

"Òo. O ti hun dé ibo?"

"Mo dúró."

"Kí ló dé tí o dúró? Oṣù Kẹfà kò dúró."

"Òwú yín ní kókó."

"Ojú mi ni. Ojú ti ń lọ."

"Ojú yín rí èèrà kan ṣoṣo nínú gàrí mi lánàá."

Yèyé gbé ìrànwú lé itan. Kò bínú.

"Nígbà tí bàbá ọkọ rẹ ń lọ," ó ní, "ó ní ká jọ lọ. Ara ìyá rẹ̀ kò yá nígbà náà. Mo ní kí n tọ́jú rẹ̀ ná, n ó wá lẹ́yìn. Ìyá yẹn lo ọdún mọ́kànlá sí i. Obìnrin dáadáa ni, ó fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n n kò rí ọkọ mi mọ́." Ó mú ìrànwú rẹ̀. "N kò ní jẹ́ kí wọ́n fi mí dá ẹnikẹ́ni dúró ní ulé yìí. Hun aṣọ mi, já a, kí o máa bá ọkọ rẹ lọ."

"Bí mo bá já a ńkọ́?"

"Á wà nínú àpótí."

"Á pẹ́ níbẹ̀, Yèyé?"

Yèyé tún fi ẹfun pa ìka. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìrànwú.

Christiana padà sídìí òfì. Ó tú gbogbo ibi tí òwú kókó náà wà, iṣẹ́ bí ọjọ́ mẹ́rin, ó ká a sínú agbọ̀n, ó sì ní kí n gbé e fún Yèyé pé kí ó tún un ràn. N kò fẹ́ gbé e. Mo gbé e. Yèyé wo agbọ̀n náà, ó wò mí, ó ní, "Ẹni tí ó rán ọ níṣẹ́ kò bẹ̀rù mi mọ́," ó sì gbà á.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Christiana fi jókòó níwájú òfì láìhun nǹkan. Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Christiana fúnra rẹ̀ ni ó ní kí Bàbá Fámúyìwá pe gbogbo wa jọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, a ó lọ," ó ní. "Òfì yìí kò ní lọ. Aṣọ Yèyé kò ní kúrò lórí rẹ̀. Ní ọdọọdún, ní àsìkò Kérésì, n ó wá hun ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, n kò sì ní hun jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ hun ún, ẹlòmíràn kò sì gbọ́dọ̀ já a."

Ọlájídé dìde, ó gbé rúlà lé ibi tí kò tíì hun, ó ṣírò.

"Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rìnlélógún ni ó kù," ó ní.

"Ọdún mẹ́rìnlélógún," Bàbá Fámúyìwá ní. Ó yíjú sí Yèyé. "Ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n fẹ́ kí ẹ sin gbogbo wa."

"Mo gbọ́," Yèyé ní. "Wọ́n fẹ́ kí n gbó ju àpáta Olóṣùnta lọ."

"Ṣé ẹ kọ̀ ni, Yèyé?" Christiana béèrè.

"N kò sọ pé mo kọ̀." Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ó wò ó. "Àtẹ́lẹwọ́ tèmi ni ká fi wọ̀n ọ́n. Tìrẹ ti fẹ̀ jù."

Kí wọ́n tó lọ, Ọlájídé gbẹ́ òfì kan fún mi, kí n má baà ní ìdí láti fọwọ́ kan èyí tí aṣọ wà lórí rẹ̀. Àyè ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀ dáadáa. Lọ́rì gbé wọn ní ìparí oṣù Kẹfà, àwọn àti Matthew àti Folúkẹ́, pẹ̀lú àpò uṣu méjì tí Bàbá Fámúyìwá fúnra rẹ̀ dì, kí wọ́n lè fi han àwọn ará Jọ́ọ̀sì bí uṣu ti í rí. Yèyé kò tẹ̀ lé wọn dé ìdíkọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ó jókòó sí, ó ń ran òwú, ó sì ń ràn án díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Aṣọ àlòkù kan ni mo fi bo òfì náà, ní ọjọọjọ́ Sátidé ni mo sì ń gbọn eruku rẹ̀.

Christiana ń wá. Ó wá ní Kérésì ọdún yẹn, ó wá ní èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ní Kérésì kẹta, ní ọdún 1956, ọmọ tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀, òun alára sì ti sanra díẹ̀. Ó jókòó sídìí òfì, ó ń hun, ó ń sọ fún mi bí òtútù Jọ́ọ̀sì ṣe ń la ètè, àti bí Ọlájídé ti di olórí àwọn káfíńtà. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ́ iṣẹ́, kò wo ibi tí ó ń dé. Yèyé jáde sí wa. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hun.

"Ìyàwó."

"Yèyé."

"Àtẹ́lẹwọ́ kan ni a sọ."

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni?"

"Ó fi ìka méjì jù ú. O ń lé mi."

"Ọwọ́ yín ló ti gbẹ sí i, Yèyé."

"Tú u."

Christiana gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú náà jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yèyé jókòó tì í, ó ń ká a mọ́ ìka rẹ̀, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òótọ́ ni pé ènìyàn lè rí èéfín ní ẹnu ara rẹ̀ láràárọ̀ ní Jọ́ọ̀sì.