Oṣù Lé ní Osdorfer Born

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú Mùyídéènì dùn, ẹ má fún un ní ẹran, ẹ fún un ní ojú sánmà tó mọ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ní Hamburg, ṣùgbọ́n láàárín àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ibẹ̀, àti àwọn ẹbí wọn ní Berlin, òun ni olójú oṣù, ẹni tó ń bá wọn wo oṣù ààwẹ̀ àti ti ọdún. Òkè téńté ilé gíga kan ní Osdorfer Born ló ń gbé, Balkon rẹ̀ sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú máa tẹ̀ lé ìṣirò. Ó ní ìṣirò dára, ṣùgbọ́n ojú ló ń jẹ́rìí.

Khàdíjàt, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bí, tó ń kàwé ní Berlin, a máa pè é ní Ọkọ Òṣùpá. Ó ní kí wọ́n tètè sọ fún Àǹtí Hasanat, ìyàwó rẹ̀, pé ìyàwó kejì ti wà lókè. Mùyídéènì á fèsì pé òṣùpá tó ń fa odò Elbe wọlé, tó tún ń tì í jáde, ta ló tó o fi ṣe ìyàwó?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀ ọdún yìí, Khàdíjàt wà lọ́dọ̀ wọn. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni Mùyídéènì rí ohun funfun kan láàárín ìkuukùu, tín-ín-rín, tó tẹ̀ bí èékánná. Kó tó mu omi ìṣínu tán, ó ti sọ ọ́ sórí Wasáàpù pé oṣù ti lé. Hamburg ń kí Neukölln ní Berlin kú ọdún, Neukölln ń kí Marzahn tó wà ní Berlin náà, Àǹtí Hasanat sì ti gbé ẹran ọdún kaná.

Khàdíjàt ló kọ́kọ́ rí i pé oṣù náà ń fẹ̀ sí i, ó sì ń ṣí lọ. Bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn á jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ ààwẹ̀, nítorí pé wọ́n gba ọkùnrin yìí gbọ́.

Ó rọra ní, "Àǹkù, ìyàwó yín ń sá lọ o."

Mùyídéènì wò ó títí. Èéfín bàálù ni, ìtànṣán oòrùn ló kùn ún. Kò jiyàn, kò di ẹ̀bi ru ìkuukùu. Ó gbé fóònù.

"Èmi Mùyídéènì ni mo ṣì í wò. Èéfín bàálù ni mo rí, kì í ṣe oṣù. Ẹ forí jì mí. Ààwẹ̀ la máa gbà lọ́la."

Àwọn àgbà tí kì í wo Wasáàpù, ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀ wọ́n. Yẹ̀yẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Bádárù, ọ̀kan nínú àwọn ará Neukölln, béèrè bóyá kí àwọn lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù náà. Ẹran ọdún di ọbẹ̀ sààrì. Urlaub, ìyẹn ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tí Mùyídéènì ti gbà fún ọdún, inú ààwẹ̀ ló ti lò ó.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ kejì, ọgbọ̀n ti pé. Oṣù lé o, kò lé o, ọdún ti dé. Kò sẹ́ni tó tún nílò ẹlẹ́rìí. Síbẹ̀ fóònù Mùyídéènì ò sinmi, Bádárù gan-an ló sì kọ́kọ́ pè.

"Àlàájì, ṣé ẹ ti rí i? A ò tíì kí ẹnikẹ́ni níbí o, ẹ̀yin là ń dúró dè."

Mùyídéènì ní kó dúró ná. Ó fa Khàdíjàt síwájú ara rẹ̀ lórí Balkon, ó ní kó wò ó dáadáa kí òun tó dáhùn.