Igi Tí Bàbá Mi Fi Ọ̀dà Bò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀dé, a kì í jókòó ní pálọ̀ ilé wa, torí bàbá mi ti sọ ọ́ di ilé àwòrán. Tíṣà ni bàbá mi. Àwòrán ilẹ̀ àti omi nìkan ló máa ń yà: etí ọ̀sà, oko ẹ̀gẹ́, ọ̀nà Ìpakodo nígbà tó ṣì jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ pupa. Kò ya ojú ènìyàn rí. Tí ẹ bá bi í léèrè, á ní ènìyàn lè túnra ṣe kí wọ́n tó yà á, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣe rí náà ló rí. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn apẹja á wọlé tàwọn ti ẹsẹ̀ tútù, wọ́n á máa tọ́ka síbi tí bàbá wọn ti ń so ọkọ̀. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ pàápàá máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá wò ó. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe máa ń dùn tó láti ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Àwòrán kan wà níbẹ̀, ti ilẹ̀ etí ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ọjà. Igi àràbà kan dúró láàárín rẹ̀. Igi yẹn ni ààlà láàárín ilẹ̀ ìdílé màmá mi àti ti ìdílé kejì tó bá wọn pààlà. Nígbà tó yá, àwọn ará ilé màmá mi gé igi náà, wọ́n hú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n sì ní ilẹ̀ àwọn kọjá ibẹ̀. Ni ìjà bá dé. Àwọn àgbà ìlú gbọ́ tẹnu ìhín, wọ́n gbọ́ tẹnu ọ̀hún, ọ̀rọ̀ ò yé wọn. Wọ́n wá ní lọ́jọ́ kẹta àwọn yóò wá wo àwòrán bàbá mi, torí ó ti yà á kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin wá sílé wa. Ó ní kí bàbá mi fi ọ̀dà bo igi inú àwòrán náà. Bàbá mi ní òun ò lè ṣe é. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ò bá a jiyàn. Ó kàn ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àbúrò òun máa bọ̀ nílé. Nígbà tó lọ tán, màmá mi ò sunkún. Ẹja ló ń tún ṣe lọ́wọ́.

“Bàbá àwọn ọmọ mi,” ó ní, “mi ò ní kí ẹ purọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá ní ṣe é, ẹ tètè sọ, kí n di ẹrù mi.”

Àwa ọmọ márùn-ún la wà nílé. Bàbá mi wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mú búrọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo po ọ̀dà búlúù tó fi bo igi náà fún un.

Nígbà tí àwọn àgbà dé, bàbá arúgbó kan láti ìdílé kejì sún mọ́ àwòrán náà, ó dúró pẹ́. Ó fi ìka kàn án. Ó wo ìka náà, ó yíjú sí bàbá mi.

“Tíṣà, ọ̀dà yín ò tíì gbẹ.”

Bàbá mi dorí kodò. Gbogbo wọn jáde láìdágbére.

Bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe sọ ilé wa ní Ilé Irọ́ nìyẹn. Apẹja kankan ò wọlé mọ́. Bàbá mi mú ọ̀bẹ, ó fẹ́ họ ọ̀dà tuntun náà kúrò, ṣùgbọ́n igi náà bá a ṣí. Kò ya nǹkankan mọ́ títí ó fi kú. Màmá mi ò kúrò nílé, ṣùgbọ́n kò wọ pálọ̀ yẹn mọ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé kóòtù, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ kú tán. Àwọn àjèjì ló mọ fẹ́ǹsì yí ilẹ̀ náà ká báyìí.

Ìkòròdú ni mo ń gbé nísinsìnyí. Lọ́dún tó kọjá, mo kó àwọn àwòrán tí òjò ò tíì bà jẹ́ lọ sí Ìjẹ̀dé, kí n fi han àwọn ọ̀dọ́ bí ìlú wọn ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn béèrè, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé, “Màmá, báwo la ṣe máa mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́?”

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí ń fi ìka pa odidi ilé rẹ́ nínú fọ́tò lórí fóònù, ẹ sì ń fi rẹ́rìn-ín. Mi ò bá yín wí. Láyé tiwa, ojú ti bàbá mi títí ó fi wọ kòtò. Láyé tiyín, kò sẹ́ni tó tún ń retí pé kí àwòrán sọ òótọ́. Mi ò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí mo lè tún ṣe.