Èéfín Inú Àpò Gàrí Ràmọ́tà

Ràmọ́tà ará Ìrẹ̀sà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí ààrò. Èéfín kì í jẹ́. Ẹni tó bá la ẹnu níbẹ̀, ikọ́ ni yóò fi pa á dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé ọkọ ló ti ń dín gàrí. Nídìí ààrò yìí ló ti tọ́ Lásísì àkọ́bí rẹ̀, tó dàgbà tó gba Kánò lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 1988, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ẹyìn. Nọ́ọ̀sì kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Màmá, ẹ fi èéfín sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò mú ojú yín lọ." Ràmọ́tà dúpẹ́. Ó délé, ó dáná. Iṣẹ́ mìíràn wo ló mọ̀?

Josiah ló mú ìròyìn wá. Awakọ̀ ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà. Òun ló ń kó gàrí àwọn obìnrin Ìrẹ̀sà lọ sí ọjà Tákìé l'Ógbómọ̀ṣọ́, tó sì ń gbé ìyókù dé Ọ̀yọ́.

"Ìyá Lásísì, ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Ó fẹ́ wọn èéfín."

"Kí ló fẹ́ wọ̀n?"

"Èéfín."

"Asẹ́ ni yóò fi gbé e lọ ni, àbí apẹ̀rẹ̀?" Mọ̀ríámọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, orogún Ràmọ́tà tí wọ́n jọ ń dín gàrí.

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Josiah kò rẹ́rìn-ín. Ó ní orúkọ iṣẹ́ náà gùn ní Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ: èéfín tí aráyé ń rú ti ń mú ooru pọ̀ sí i, àwọn kan sì fẹ́ mọ èyí tó ń tara oúnjẹ wá, láti oko dé ọjà. Igi tí wọ́n fi dín gàrí, epo tí ọkọ̀ fi gbé e, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò ṣírò mọ́ àpò gàrí kan. Ibi tí èéfín bá ti pọ̀ jù, wọn yóò mọ ààrò onípáìpù síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Páìpù náà yóò yọ sókè òrùlé, yóò máa kó èéfín jáde.

Ràmọ́tà gbọ́ ti páìpù. Ìyókù, ó jẹ́ kó kọjá.

Ọ̀gá náà dé. Timothy lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin, ó gbé òṣùwọ̀n lápá. Kó tó gbé e kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ràmọ́tà. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ọmọ tó kíni báyìí, ta ni yóò fi èéfín pàdé rẹ̀?

Igi tútù ni wọ́n fi ń dáná lójoojúmọ́, pẹ̀lú ṣùkù àgbàdo. Bó bá rú, ẹni tó wà nídìí ààrò kejì kì í rí ẹni tó wà nídìí èkíní. Lọ́jọ́ tí Timothy dé, Ràmọ́tà gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó fa igi àyín tó gbẹ dáadáa jáde, èyí tó ti ń tọ́jú de Iléyá. Mọ̀ríámọ̀ kó eérú, ó gbá ilẹ̀. Wọ́n gbé àga fún àlejò síbi tí atẹ́gùn kì í darí èéfín sí. Iná náà mọ́ roro. Timothy wọn igi, ó wọn gàrí, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Josiah náà ò gbẹ́yìn. Ọkọ̀ tí àpò máa ń ga ju orí rẹ̀ lọ, tí ìdí rẹ̀ ń tu dúdú, ó fọ̀ ọ́, ó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, ó di ẹrù níwọ̀nba. Ó gbé Timothy síwájú, ó wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ dé Tákìé, ó wà á jẹ́jẹ́ dé Ọ̀yọ́. Epo tó jó kéré débi pé Josiah fúnra rẹ̀ tún táǹkì yẹ̀ wò.

Oṣù díẹ̀ kọjá, Timothy padà wá.

"Ẹ kú oríire o. Nínú gbogbo ibi tá a wọ̀n, gàrí yín ni èéfín rẹ̀ kéré jù."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mọ̀ríámọ̀ jó díẹ̀. Ràmọ́tà pàtẹ́wọ́ tirẹ̀ tán, ó ní, "Ọ̀gá, ààrò onípáìpù ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ò nílò rẹ̀, Ìyá. Abúlé kan lápá Ọ̀yọ́ ló ń lọ. Tiwọn burú."

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Ràmọ́tà wí.

Nígbà tí Timothy lọ tán, Mọ̀ríámọ̀ ní, "Ìgbà wo la ò ní èéfín mọ́?"

"Ìgbà tá a lálejò," ni Ràmọ́tà fèsì.

Lọ́jọ́ ọjà, ó wọ ọkọ̀ Josiah, ó di Ọ̀yọ́, ọ́fíìsì àwọn Timothy ní Òwódé. Bí Timothy ṣe rí i, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ yín ló kó bá wa. Igi Iléyá lẹ wọ̀n lọ́jọ́sí. Mi ò fi irú igi yẹn dín gàrí rí láyé mi."

"Ìyá, ojú mi ló ṣe."

"Àlejò lójú, kò fi ríran. Ojú tèmi ló ń lọ. Bí páìpù yẹn ò bá dé, mo máa kúrò nídìí gàrí, mi ò sì níbi tí mò ń lọ."

Timothy yíjú sí Josiah tó tẹ̀lé Ràmọ́tà wọlé. "Ọkọ̀ yín náà ńkọ́?"

Josiah wo àjà. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ jókòó síwájú. Ṣé kí n wá máa sáré ni?"

"Ó dáa," ni Timothy wí. "Màá padà wá. Mi ò ní sọ ọjọ́."

"Bẹ́ ẹ sọ ọ́, bẹ́ ò sọ ọ́," ni Ràmọ́tà dáhùn, "bá a bá ti rí yín, ọwọ́ wa máa lọ síbi igi gbígbẹ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹ wá ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ kì í ṣe àlejò."

Ìgbà òjò ni Timothy wá, pẹ̀lú ṣòkòtò àlòkù. Ràmọ́tà fún un ní igbá tí wọ́n fi ń ro gàrí, ó fi àpótí hàn án níwájú agbada. Mọ̀ríámọ̀ dìde.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ wo nǹkan lẹ́yìnkùlé."

"Jókòó. Òṣìṣẹ́ ni."

Mọ̀ríámọ̀ jókòó. Igi tútù gbiná, èéfín sọ̀ kalẹ̀ bò wọ́n. Timothy wúkọ́ títí, omi ń dà lójú rẹ̀. Ọwọ́ Mọ̀ríámọ̀ fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i; ó fi ìdí jókòó lé ọwọ́ náà.

"Ìyá, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

"Tòní sàn. Atẹ́gùn wà."

Ó ń dín, ó ń dìde lọ wọn igi, ó ń padà. Ní ọjọ́ kejì, ó jẹ́ kí agbada kan bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Timothy!" Mọ̀ríámọ̀ pariwo mọ́ ọn. "Ṣé oorun lò ń sùn ni? Ro ó, ọ̀lẹ!"

Ìgbà náà ni ọkàn Ràmọ́tà tó balẹ̀. A kì í bú àlejò. Nígbà tí gàrí pé, Josiah gbé Timothy sórí àpò lẹ́yìn ọkọ̀, ó sáré bó ṣe máa ń sáré, ọkọ̀ ń tu dúdú títí dé Tákìé.

Ọ̀gá àgbà l'Ọ́yọ̀ọ́ bi Timothy pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní Ìrẹ̀sà tí èéfín wọn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Timothy ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ ni wọ́n wá mọ ààrò náà. Ẹyọ kan ni. Ràmọ́tà àti Mọ̀ríámọ̀ ń gbà á fún ara wọn. Ojú Ràmọ́tà kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó dúró síbi tó dé, ó sì ń rí agbada iwájú rẹ̀. Iná ààrò náà le ju èyí tó mọ̀ lọ, gàrí tó kọ́kọ́ dín lórí rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Josiah gbé e lọ sí Tákìé. Wọ́n rà á.